Fífi Ọwọ́ Ara Ẹni Gbé Ètò Amẹ́rọṣiṣẹ́ Kalẹ̀: Iṣẹ́ Náà àti Èdè-Ìperí Tí Ó Bá A Mu

1.0 Ìfáàrà

Ohun méjì ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Èkíní ni àlàyé bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ètò amẹ́rọṣiṣẹ́ kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayárabíàṣá, láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀, láìsí ètò mìíràn tí ń bá a ṣe ìpinnu. Èkejì ni àyẹ̀wò èdè-ìperí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè ní èdè Yorùbá. Ohun méjèèjì kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, àṣẹ ni ènìyàn ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kì í sì í sábà béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ṣe ohun tí a wí fún un. Ẹni tí ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjì kò bá yé lè fi àṣẹ kan ṣoṣo pa àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá rẹ́.

Ìlànà tí àpilẹ̀kọ yìí gbé ró ni pé iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni ó yẹ kí ó fún un ní orúkọ, kì í ṣe àwòrán tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí jẹ́ àfiwé tí àwọn tí ó kọ́kọ́ lò wọ́n mú láti inú ìgbésí ayé tiwọn. Bí a bá túmọ̀ àfiwé bẹ́ẹ̀ ní tààràtà, òjìji ọ̀rọ̀ ni yóò wọlé, ìtumọ̀ gan-an yóò sì kù sẹ́yìn.

Arch Linux ni àpẹẹrẹ tí a mú lò. Judd Vinet, ará ilẹ̀ Kánádà, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2002. Ìdí tí ó fi bá iṣẹ́ yìí mu ni pé ní ọdún 2012 ni wọ́n yọ ètò ìgbékalẹ̀ àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti ń kọ́ ènìyàn láti fi ọwọ́ tẹ àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Òtítọ́ ni pé ní ọdún 2021 ètò kan tí ń jẹ́ archinstall wọlé, tí ó lè bá ènìyàn ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí ni yóò mọ ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe lábẹ́lẹ̀, òun náà ni yóò sì mọ ibi tí yóò wò nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

2.0 Ètò Amẹ́rọṣiṣẹ́

2.1 Ohun tí ó jẹ́

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá ní ọpọlọ tí ń ṣe ìṣirò. Ó ní iyè tí ń rántí nǹkan níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Ó sì ní àká tí ń pa nǹkan mọ́ bí iná tilẹ̀ lọ. Ètò amẹ́rọṣiṣẹ́ ni ó ń pín àwọn nǹkan wọ̀nyí láàárín àwọn ètò yòókù. Ó ń pinnu èyí tí yóò lo ọpọlọ nísinsìnyí àti èyí tí yóò dúró, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kọ nǹkan sí nínú iyè, àti ẹni tí ó láṣẹ láti ṣí fáìlì kan. Ìhun orúkọ náà, a-mú-ẹ̀rọ-ṣiṣẹ́, kò ṣàjèjì; òun ni ó wà nínú amúnáwá àti amúlétutù.

Ọ̀rọ̀ náà àká yẹ fún àlàyé díẹ̀. Àwo roboto tí ń yí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ nínú ẹ̀rọ, ìdí nìyí tí díìsìkì fi wọ èdè. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ òde òní ni kò ní àwo kankan tí ń yí mọ́. Orúkọ tí ó dá lé ìrísí ti bọ́ kúrò lára ohun tí ó ń dárúkọ. Èyí tí ó dá lé iṣẹ́ kò yẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kó ọkà sí àká kí ó lè bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ń kó fáìlì sí àká tirẹ̀.

Apá tí gbogbo ètò náà dá lé ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kernel, ìyẹn ọmọ inú èso. Bí a bá pè é ní èkùrọ́, ohun tí ènìyàn ní láti pa èèpo rẹ̀ kí ó tó rí i jẹ ni yóò wá sí ọkàn ẹni tí ó gbọ́. Kókó ètò sàn jù, nítorí pé kókó ni ohun tí ọ̀rọ̀ dúró lé. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì sì pè ní shell, tí í ṣe èèpo, gba orúkọ náà nítorí pé ó yí kókó ká. Bí a bá wo iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gba ohun tí ènìyàn tẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ó sì ń gbé e fún kókó ètò. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ń jíṣẹ́ láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn, ògbufọ̀ ni. Ògbufọ̀ àṣẹ ni ó yẹ kí a pe èyí.

2.2 Ọ̀fẹ́ àti òmìnira

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Richard Stallman kéde ní Amẹ́ríkà pé òun yóò kọ ètò amẹ́rọṣiṣẹ́ kan tí ń jẹ́ GNU, tí ẹnikẹ́ni yóò lè lò, tí yóò lè kà, tí yóò lè tún ṣe, tí yóò sì lè pín fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1991, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò tí ó yí kókó ká ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kókó ètò fúnra rẹ̀ kò tíì ṣe é lò. Ní ọdún náà ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, gbé kókó ètò tí ń jẹ́ Linux jáde. Ní ọdún 1992 ó fi í sábẹ́ GPL, ìwé-àṣẹ tí ó ti ọ̀dọ̀ Stallman wá. Àpapọ̀ apá méjèèjì ni ó wà nínú Arch Linux àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti ṣe ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà, free, ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí a kò san owó fún àti fún ẹni tí kò sí lábẹ́ ìdè. Nítorí náà ni ó fi di dandan fún àwọn olùdásílẹ̀ láti máa ṣàlàyé léraléra pé ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni àwọn ń sọ. Ní ọdún 1998, àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà gbé gbólóhùn open source wá, lára ìdí rẹ̀ sì ni láti bọ́ nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Ní èdè Yorùbá, ọ̀fẹ́ kì í ṣe òmìnira, òmìnira kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Ètò kan lè jẹ́ ọ̀fẹ́ kí ẹni tí ó gbà á má sì ní ẹ̀tọ́ láti wo inú rẹ̀. Òmíràn lè jẹ́ títà kí ẹni tí ó rà á sì ní òmìnira láti tún un ṣe bí ó ti wù ú.

Àkọsílẹ̀ orísun ni ohun tí ènìyàn kọ tí ènìyàn mìíràn sì lè kà, kí a tó yí i padà sí kìkì nọ́ńbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Ètò tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà, láti tún ṣe àti láti pín ni ètò olórísun-gbangba.

3.0 Ìpalẹ̀mọ́ àti Ìtají

3.1 Fáìlì ìgbékalẹ̀

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni ènìyàn yóò ti gba fáìlì ìgbékalẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì náà ju gígábáìtì kan lọ. Kí a tó lò ó, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣẹ sha256sum máa ń ṣírò gbogbo ohun tí ó wà nínú fáìlì, ó sì máa ń mú àmì 64 jáde. Bí àmì wọ̀nyí bá bá èyí tí àwọn tí ó ṣe ètò náà tẹ̀ jáde mu, fáìlì náà pé, kò sì dín. Bí ìdá kékeré kan ṣoṣo nínú rẹ̀ bá ti yí padà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àmì náà ni yóò yàtọ̀. Ìbuwọ́lù kan tún wà pẹ̀lú fáìlì náà tí ń fi hàn pé láti ọwọ́ àwọn tí ó ni ín ni ó ti wá.

Lẹ́yìn èyí ni a óò kọ fáìlì náà sórí fláàṣì. Àṣẹ dd ni a sábà ń lò; if= ni a fi ń sọ ibi tí nǹkan ti ń bọ̀, of= ni a sì fi ń sọ ibi tí ó ń lọ. Dídà tí a bá da nǹkan kọ orí àká, ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì fi orúkọ àká ẹ̀rọ rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ kí orúkọ fláàṣì wà yóò ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ nínú ìpalẹ̀mọ́ ni kí ènìyàn ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí kò fẹ́ kí ó sọnù, kí ó sì gbé e sí ibòmíràn tí kò ní okùn kankan pẹ̀lú ẹ̀rọ náà.

3.2 Ìtají

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní boot ti inú ọ̀rọ̀ bootstrap wá, ìyẹn okùn ẹ̀yìn bàtà. Àfiwé ẹni tí ó fẹ́ fa okùn bàtà ara rẹ̀ kí ó fi gbé ara rẹ̀ sókè ni. Kò sí ohun tí bàtà ní í ṣe nínú iṣẹ́ yìí ní èdè Yorùbá. Jíjí ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn; ṣùgbọ́n bí a bá ní ẹnì kan ń jí ẹ̀rọ, ọlọ́pàá ni ẹni tí ó gbọ́ yóò ké sí. Ta jí kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò ronú olè. Nítorí náà, ìtají ni orúkọ iṣẹ́ náà, ètò tí ó sì ń ta kókó ètò jí láti inú àká ni atanijí.

Nígbà tí a bá tan iná, ètò kan wà tí a ti kọ mọ́ ara ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ tí a ti ṣe é. Òun ni ó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ètò àbímọ́ ni ó yẹ kí á pè é. BIOS ni irú rẹ̀ tí ó bá ẹ̀rọ IBM PC wá ní ọdún 1981. UEFI, tí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe àkóso rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní. Ètò àbímọ́ ni a óò sọ fún pé kí ó tají láti orí fláàṣì, kì í ṣe láti inú àká. Níbẹ̀ kan náà ni a óò ti pa Secure Boot, nítorí pé fáìlì ìgbékalẹ̀ Arch kò bá a ṣiṣẹ́.

Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ojú dúdú kan yóò ṣí, ògbufọ̀ àṣẹ yóò sì máa dúró de ohun tí ènìyàn yóò tẹ̀. Kò sí àwòrán, kò sí ohun tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí. Àṣẹ ping ni a fi ń mọ̀ bóyá íntánẹ́ẹ̀tì wà, nítorí pé láti orí rẹ̀ ni ètò tuntun yóò ti wá; bí ó bá jẹ́ aláìlókùn ni a ń lò, iwctl ni a fi ń so ẹ̀rọ mọ́ ọn.

4.0 Àká: Ìpín, Ìtòfáìlì àti Èèkàn

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó wà nínú àkọlé yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dà pọ̀ jù lọ, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń náni ní ohun púpọ̀.

4.1 Ìpín

Àṣẹ lsblk máa ń to gbogbo àká tí ẹ̀rọ rí, pẹ̀lú ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wọn lè jẹ́ sda, sdb tàbí nvme0n1. Fláàṣì náà yóò wà nínú àtòjọ yìí, nítorí náà ìwọ̀n ni ó yẹ kí ènìyàn fi dá àká mọ̀, kì í ṣe orúkọ nìkan. Orúkọ bí sda àti sdb dàbí Táíwò àti Kẹ́hìndé: bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀ léra ni ó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ni pé Táíwò kì í di Kẹ́hìndé ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n sda lè di sdb bí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ rí òmíràn nígbà ìtají tí ó tẹ̀ lé e.

Àṣẹ fdisk ni a fi ń pín àká. Àkọsílẹ̀ ìpín, tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àká, ni ó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Irú ti àtijọ́, MBR, kò gbà ju ìpín gidi mẹ́rin lọ. Irú ti òde òní, GPT, sábà máa ń ní ààyè fún 128. Ìpín mẹ́ta ni a sábà ń ṣe. Ìpín ìtají ni èkíní. Gígábáìtì kan tó o. Èkejì ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní swap, ìyẹn pàṣípààrọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ohun tí ó bá kún iyè àkúnwọ́sílẹ̀, nítorí náà ìpín àfikún-iyè ni ó yẹ kí ó jẹ́. Gígábáìtì mẹ́rin sókè ni a ń fún un. Gbogbo ìyókù di ìpín kẹta, níbi tí ètò fúnra rẹ̀ yóò wà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí pé fdisk kì í kọ ohunkóhun sínú àká títí ènìyàn yóò fi tẹ lẹ́tà w. Bí ó bá tẹ q, gbogbo ohun tí ó ti pín di asán, àká sì wà bí ó ti wà. Ibi tí ó dára jù láti dúró kí a tún ìwọ̀n kà nìyí.

4.2 Ètò ìtòfáìlì

Ìpín nìkan kò tíì ṣe é kó nǹkan sí. Àgbẹ̀ tí ó ti wọn ilẹ̀, tí ó ti ri òpó sí ààlà, kò tíì lè gbin iṣu. Ó ní láti kọ ebè. Ètò ìtòfáìlì ni ebè inú ìpín. Òun ni ó ń pinnu bí a ṣe ń to fáìlì, bí a ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ, ẹni tí ó ni wọ́n àti ibi tí a ti lè rí wọn. Oríṣiríṣi ni ó wà, bí ebè ṣe wà ní oríṣiríṣi fún iṣu àti fún ẹ̀fọ́: mkfs.ext4 ni a fi ń kọ ebè sí ìpín kẹta, mkfs.fat -F 32 ni ti ìpín ìtají, nítorí pé irú èyí ni ètò àbímọ́ lè kà, mkswap sì ni ti àfikún-iyè.

Ẹni tí ó bá kọ ebè tuntun sórí oko tí iṣu wà nínú rẹ̀ ti tú oko náà. Bí ìpín ìtají bá ti wà tẹ́lẹ̀, tí ètò amẹ́rọṣiṣẹ́ mìíràn sì ń lò ó, mkfs kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, nítorí pé yóò pa atanijí ti èkejì rẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé ìpín àti ìtòfáìlì jẹ́ ohun kan náà ni ó sábà máa ń ṣe àṣìṣe yìí.

4.3 Èèkàn

Mount ni Gẹ̀ẹ́sì pe ìgbésẹ̀ tí ó kàn. Bí a bá pè é ní gígùn, ẹṣin tàbí òkè ni yóò wá sí ọkàn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé a ń so ìpín kan mọ́ ibì kan lára igi fáìlì kan ṣoṣo tí ètò náà ní, kí ohun tí ó wà nínú ìpín náà lè di ohun tí a ń rí láti ibẹ̀. Bí a ṣe ń so ẹran mọ́ èèkàn ni. Nítorí náà, ìsomọ́ ni iṣẹ́ náà, èèkàn sì ni ibi tí a so ó mọ́. Nígbà ìgbékalẹ̀, /mnt ni èèkàn fún ìpín kẹta, /mnt/boot ni èèkàn fún ìpín ìtají. Ìpín kẹta ni ó gbọdọ̀ ṣáájú, nítorí pé inú rẹ̀ ni èèkàn kejì wà.

Ìtúsílẹ̀ ni òdìkejì ìsomọ́. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ fi nǹkan sínú iyè kí ó tó gbé e dé àká. Bí a bá fa àká yọ láìtú u sílẹ̀, ohun tí ó ṣì wà lójú ọ̀nà lè ṣègbé.

5.0 Kíkó Ètò Wọlé

Àṣẹ pacstrap -K /mnt base linux linux-firmware ni ó ń gba àwọn ìdì ètò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó sì ń tú wọn sínú ìpín tí a so mọ́ /mnt. Ìdì ni ó dára láti pè wọ́n, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àpapọ̀ fáìlì tí a dì pọ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tí ó nílò kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí a mọ̀ pé ìdì mẹ́ta wọ̀nyí kò ní ètò tí a fi ń kọ̀wé, a kò sì tíì ṣètò ohun tí yóò bójú tó íntánẹ́ẹ̀tì nínú wọn. Ẹni tí kò bá bójú tó èyí lè tají sínú ètò tuntun tí kò lè bá òde sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, genfstab -U ni a ó fi kọ àkọsílẹ̀ ìsomọ́, tí yóò máa sọ fún ètò tuntun ìpín tí yóò so mọ́ èèkàn kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà tí ó bá tají. Lẹ́tà U yẹn ń jẹ́ kí ó lo UUID, orúkọ àdánidá tí ìtòfáìlì kọ̀ọ̀kan gbà ní ọjọ́ tí a dá a, dípò orúkọ bí sda tí ó lè yí padà.

Arch-chroot /mnt ni ó kàn. Àṣẹ yìí ń mú kí ògbufọ̀ àṣẹ rí /mnt bí ẹni pé òun ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo igi fáìlì. Kókó ètò tí ń ṣiṣẹ́ ṣì jẹ́ ti fláàṣì, ṣùgbọ́n gbogbo fáìlì tí ènìyàn bá fọwọ́ kàn jẹ́ ti ètò tuntun. Ìpàrọ̀ gbòǹgbò ni orúkọ tí ó bá a mu.

Èyí mú ọ̀rọ̀ gbòǹgbò wá. Gẹ̀ẹ́sì ń lo root fún ohun mẹ́ta. Èkíní ni ibi tí igi fáìlì ti bẹ̀rẹ̀, tí àmì rẹ̀ jẹ́ /. Gbòǹgbò bá èyí mu, nítorí pé igi ni. Èkejì ni orúkọ ẹni tí ó láṣẹ lórí ohun gbogbo nínú ètò náà. Ẹ̀kẹta ni àpò fáìlì ẹni náà, /root, tí kì í ṣe gbòǹgbò igi rárá. Bí a bá tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá yóò jogún ìdàrúdàpọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Aláṣẹ-gíga ni ó yẹ kí á pe ẹni náà, ilé aláṣẹ-gíga ni a ó sì pe àpò rẹ̀. Gbòǹgbò á wà fún igi nìkan.

6.0 Àkókò, Èdè àti Ọ̀rọ̀ Ìfiwọlé

Ètò tuntun kò mọ ibi tí ó wà. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn yóò so /etc/localtime mọ́ Africa/Lagos. Àkókò kan náà ni ti Pọ̀tọ̀-Nófò ní ilẹ̀ Benin, ṣùgbọ́n Yorùbá tí ó wà ní ilẹ̀ Togo yóò yan Africa/Lome, tí ó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí ti kan àwọn tí ń kọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú fáìlì /etc/locale.gen, ìlà kan wà tí ó kà báyìí: yo_NG UTF-8. Bí a bá yọ àmì tí ó wà níwájú rẹ̀, tí a sì tẹ locale-gen, ètò náà yóò mọ orúkọ ọjọ́ àti ti oṣù ní Yorùbá. Bákan náà, nígbà tí a bá gbé ojú-iṣẹ́ aláwòrán kalẹ̀ lẹ́yìn náà, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ti Nàìjíríà tí ó wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀ka fún Yorùbá, Haúsá àti Igbo. Ohun tí àwọn ètò ń sọ fún ènìyàn yóò ṣì máa jáde ní Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì túmọ̀ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí orísun sì wà ní gbangba, kò sí ẹni tí a ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí á tó túmọ̀ rẹ̀. Kìkì pé kí èdè-ìperí wà ni.

Ìdíwọ́ kan wà tí kò yẹ kí á fi pamọ́. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ́ kò ní. Lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì ohùn tí a gbé lé e ni wọ́n. Ojú dúdú tí ìgbékalẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ kò lè lo ju àwòrán lẹ́tà 512 lọ, kò sì mọ bí a ṣe ń gbé àmì kan lé òmíràn lórí dáadáa. Nítorí náà, níbẹ̀, Yorùbá tí ó pé pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ kò tíì lè hàn bí ó ti yẹ. Àfi nínú ojú-iṣẹ́ aláwòrán. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ètò ìgbékalẹ̀ fúnra rẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí.

Lẹ́yìn tí a bá ti fún ẹ̀rọ ní orúkọ nínú /etc/hostname, passwd ni a ó fi yan ọ̀rọ̀ ìfiwọlé fún aláṣẹ-gíga. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí yóò dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ kò ní lè wọlé.

7.0 Atanijí àti Òpin Iṣẹ́

Títí di ibí, kò sí ohun tí yóò ta kókó ètò tuntun jí bí a bá yọ fláàṣì. GRUB ni atanijí tí ọ̀pọ̀ ń lò. A ó fi pacman gba ìdì grub àti efibootmgr. Grub-install yóò gbé atanijí sí ìpín ìtají, yóò sì fi tó ètò àbímọ́ létí. Grub-mkconfig yóò kọ àtòjọ kókó ètò tí ó rí. Lẹ́yìn náà ni a óò jáde kúrò nínú ìpàrọ̀ gbòǹgbò, tí a óò tú gbogbo ìsomọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú umount -R /mnt, tí a óò sì ní kí ẹ̀rọ tún tají.

Bí ẹ̀rọ kò bá tají, iṣẹ́ kò ṣòfò. Fláàṣì ṣì wà. A ó fi tají, a ó tún so àwọn ìpín mọ́ èèkàn wọn, a ó pàrọ̀ gbòǹgbò, a ó sì tún ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ṣe. Kò sí ìdí láti pín àká lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó mọ orúkọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí yóò padà sí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì máa ń tú oko tí kò ṣe nǹkan kan.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé òkè yìí ti fi hàn pé ìgbékalẹ̀ ètò amẹ́rọṣiṣẹ́ kì í ṣe awo. Pípín àká, kíkọ ìtòfáìlì, síso ìpín mọ́ èèkàn, kíkó ìdì wọlé, pípàrọ̀ gbòǹgbò àti gbígbé atanijí kalẹ̀ ni. Ó tún ti fi hàn pé Yorùbá lè ya ohun tí Gẹ̀ẹ́sì dà pọ̀ sọ́tọ̀, bí ọ̀fẹ́ àti òmìnira, gbòǹgbò àti aláṣẹ-gíga, níwọ̀n ìgbà tí a bá jẹ́ kí iṣẹ́ nǹkan sọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní sókí:

Àká: ibi tí ẹ̀rọ ń pa nǹkan mọ́ sí bí iná tilẹ̀ lọ.
Iyè: ibi tí ẹ̀rọ ń rántí nǹkan níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà.
Kókó ètò: apá tí ń pín ọpọlọ, iyè àti àká fún àwọn ètò yòókù.
Ògbufọ̀ àṣẹ: ètò tí ń túmọ̀ ohun tí ènìyàn tẹ̀.
Àkọsílẹ̀ orísun: ètò bí ènìyàn ti kọ ọ́, kí ó tó di nọ́ńbà ẹ̀rọ.
Ètò àbímọ́: ètò tí a kọ mọ́ ara ẹ̀rọ, tí ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.
Ìtají, atanijí: bí ẹ̀rọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ètò tí ń ta kókó ètò jí.
Ìpín: apá kan nínú àká tí a pa ààlà sí.
Ètò ìtòfáìlì: ìlànà tí a fi ń to fáìlì sínú ìpín.
Ìsomọ́, èèkàn: síso ìpín mọ́ igi fáìlì, ibi tí a so ó mọ́.
Ìdì: àpapọ̀ fáìlì ètò kan tí a dì pọ̀.
Gbòǹgbò, aláṣẹ-gíga: ìbẹ̀rẹ̀ igi fáìlì, ẹni tí ó láṣẹ lórí ohun gbogbo.

Ìlò ni yóò fi èyí tí yóò dúró nínú wọn hàn. Ibi tí ó dára jù láti dán wọn wò ni ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó jókòó sí iwájú ojú dúdú, tí ìka rẹ̀ wà lórí lẹ́tà w, tí ó sì ní láti mọ̀ dájú ohun tí ó fẹ́ ṣe.